Alágbàfọ̀ Tó Bá Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù Ra Ìbò

Ìlà-ò-wọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Tó bá fi áyọ̀ọ̀nù lọ ṣòkòtò fún ọ, ìlà iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ á gún débi pé wàá kọ́kọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí o tó jókòó. Àmọ́ kì í ṣe torí ìlà ṣòkòtò la ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Torí àpò ni. Ohunkóhun tó bá bá nínú àpò aṣọ oníbàárà, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ìbáà jẹ́ lẹ́tà tí kò yẹ kí ìyàwó ilé rí, á wé e sínú ọ̀rá kékeré, á kọ nọ́ńbà aṣọ náà sí i lára, á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, ó bá owó tó ti rin gbingbin nínú àpò kóòtù olùkọ́ kan. Ó fi áyọ̀ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbẹ. Olùkọ́ yẹn ní látìgbà tóun ti ń gbowó oṣù, òun ò rí owó tó mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwà dáadáa yìí gan-an ló kó o sí wàhálà.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Pákó tó pààlà sáàárín wa ò nípọn, kò sí nǹkan tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún tí mi ò gbọ́. Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Iṣẹ́ mi ò gba ariwo, bí mo bá sì ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, etí mi ò ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló pín in sí méjì. Ọkọ wà lẹ́yìn, pẹ̀lú tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé, áyọ̀ọ̀nù méjì, àti ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó so rọ̀ sórí okùn bí àwọn tó wá ṣèpàdé. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà níwájú lẹ́bàá fèrèsé. Bí aṣọ bá kúrò lórí ẹ̀rọ ìyàwó, á gba abẹ́ kọ́tìnnì lọ sábẹ́ áyọ̀ọ̀nù ọkọ. Wọ́n lè wà níbẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán kí wọ́n má sọ ju "ó ti gbẹ?" àti "ó ti gbẹ" lọ.

Lọ́dún náà, a fẹ́ dìbò yan káńsílọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló jáde. Ẹnì kan ni Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù, tó ń mọ bulọ́ọ̀kù tà, tí bulọ́ọ̀kù ọ̀hún sì máa ń fọ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi kọ́lé. Ìkejì ni dókítà eyín kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo fọ́tò tó lẹ̀ káàkiri, bóyá ipò ló ń wá tàbí oníbàárà, a ò mọ̀. Ìkẹta ni Ìyá Agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò yìí. Òun ò lẹ fọ́tò kankan mọ́ ògiri. Ó ní ẹni tóun gbá nídìí lọ́jọ́ tó dáyé kó tó lè sunkún, ṣé ó tún di dandan kó rí ojú òun lára ògiri kó tó mọ òun?

Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Ìlà-ò-wọ́ lọ́sàn-án, ó gbá báàgì aláwọ kan mọ́ abíyá. Òun ni aṣojú Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù ládùúgbò wa. Alápò là ń pè é, torí kò sẹ́ni tó tíì rí i tí báàgì yẹn kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń dá owó padà fáwọn èèyàn?"

"Tí mo bá rí i lápò aṣọ wọn ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kí ẹ máa rí i níbẹ̀ dáadáa." Ó ṣí báàgì. Ẹ́ńfílóòpù ló kún inú rẹ̀, bébà owó tuntun méjì-méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin lẹ ń gbé aṣọ lọ sí gbogbo ilé. Ẹ kàn fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì wọn, kẹ́ ẹ bá wa sọ pé Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù kí wọn."

"Ẹ̀yin fẹ́ ra ìbò nìyẹn."

"Háà, Bàbá!" Ohùn Alápò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. "Ta ló ń ra ìbò? Ọ̀gá wa ò ra ìbò rí láyé ẹ̀. Ìmoore ló ń rà."

"Tí wọ́n bá gba owó ìmoore tán, tí wọn ò wá moore ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tá a fi wá bá yín. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fún wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́ mi lára. Àmọ́ ẹ̀yin, ta ló máa wo ojú yín kó purọ́?"

Mo gbọ́ tí Ìlà-ò-wọ́ gbé áyọ̀ọ̀nù sókè tó tún gbé e kalẹ̀. Ọ̀kan nínú áyọ̀ọ̀nù méjì yẹn ti ń yọ èéfín látọjọ́ díẹ̀, Alápò sì ti sọ fún un pé ẹ́ńfílóòpù mẹ́wàá jẹ́ tiẹ̀, owó iṣẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí sítáàṣì ta sí i."

Báyìí ni ọkùnrin tí kì í fi nǹkan olónǹkan pa mọ́ ṣe di ẹni tó ń fi nǹkan sí àpò àwọn èèyàn. Ó sì ṣe é bó ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ó kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà, kò sọ ọ̀kan nù. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló fún. Tó bá fún ọ, á dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá túfọ̀, á ní, "Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù kí yín. Ọjọ́ Sátidé ni o." Ó tán. Kò rẹ́rìn-ín, kò yin ọ̀gá náà, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan bi í bóyá ó kù. Obìnrin kan ní ṣé ó lè fi ti ọkọ òun kún tòun, torí ọkọ òun ò mọ bó ṣe ń fowó pa mọ́.

Èmi náà gba tèmi. Kí ni kí n ṣe? Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bá owó lápò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rò ó jìnnà kó tó gbà á. Bàbá Géètì ni, tó ń ṣọ́ géètì ilé ìwé tó wà nípẹ̀kun àdúgbò. Ojú mi ló ṣe é, torí ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń dúró de yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó yọ ẹ́ńfílóòpù náà jáde, ó wò ó tìtì.

"Ìlà-ò-wọ́, tí mo bá gba èyí, ṣé mo ti ṣèlérí nìyẹn?"

"Ẹ ti ṣèlérí nìyẹn, Bàbá."

"Ìwọ ni mo ṣe é fún?"

"Ṣebí èmi ni mo kó o fún yín."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣèdánwò àṣekágbá, owó ìdánwò ò sì tíì pé. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dá ẹ́ńfílóòpù náà padà sí àpò, ó wá de bọ́tìnnì lé e.

Ohun tí Ìlà-ò-wọ́ ò mọ̀ ni pé dókítà eyín náà ní aṣojú tirẹ̀, aṣojú ọ̀hún sì jẹ́ oníbàárà ìyàwó òun gan-an. Níbi tí wọ́n ti ń wọn aṣọ sí i lára ni wọ́n ti parí àdéhùn náà wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń kùn bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Ọgọ́ta ẹ́ńfílóòpù ló kó fún un. Bébà owó kan péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tì í lẹ́yìn. Ọkọ ò sọ fún ìyàwó, ìyàwó ò sọ fún ọkọ. Kọ́tìnnì ṣì wà láàárín wọn, wọ́n ṣì ń sọ "ó ti gbẹ?" àti "ó ti gbẹ."

Àṣírí wọn tú ní ọ̀sán Tọ́sìdeé. Akọ̀wé báǹkì kan wá gba búláòsì tí ìyàwó rán tí ọkọ sì lọ̀. Ó tú u wò, ẹ́ńfílóòpù kan bọ́ láti inú apá, òmíràn bọ́ láti inú àpò, búrọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ lé wọn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wojú ìyàwó, ó wojú ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Tọkọtaya rere! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ̀mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì. Ọlọ́run á máa bù sí ṣọ́ọ̀bù yín." Ó kó gbogbo rẹ̀ sí báàgì, ó jáde.

Lẹ́yìn pákó níhìn-ín, mo gbé irin iṣẹ́ mi kalẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó sọ, "kí ni Dádì fi sí i lápò?"

"Kí ni Mọ̀mí fi sí i lápá?"

Ni ìyàwó bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò sì fẹ́ tán. Ọkọ ò rẹ́rìn-ín.

"Kí wá ni kí àwọn èèyàn ṣe báyìí? Wọ́n ti gba méjì!"

"Wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni."

"Ìwọ gba owó ẹni, o ò ní ṣe ohun tó tìtorí ẹ̀ fún ọ?"

"Èmi pín in. Mo ti ṣe tèmi nìyẹn. Ta ló ní kí n tún ta ara mi mọ́ ọn?"

Látọjọ́ yẹn títí di Sátidé, "ó ti gbẹ" pàápàá, wọn ò sọ ọ́ mọ́.

Alápò kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ránṣẹ́ yí ká pé gbogbo ẹni tó gba ìkíni Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ fi fóònù ya ìwé ìdìbò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ka tán, kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sóun. Èmi nìkan ló ṣe láǹfààní. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni mọ́kànlá ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn ba kámẹ́rà fóònù àwọn jẹ́, kí n sì tún un ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo gba owó bíbàjẹ́, mo gba owó àtúnṣe. Àwọn tí kò lówó ìbàjẹ́ wá ọgbọ́n tó rọjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kápẹ́ńtà kan tó ti fẹ́ dìbò fún Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀ ya tiẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kó tó di ọ̀sán Sátidé, fọ́tò mẹ́tàdínlógójì ti wọ fóònù Alápò, àtàǹpàkò tó wà nínú gbogbo wọn sì ní àpá ayùn lójú kan náà. Alápò fi wọ́n han ọ̀gá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Ẹ wo bí ọwọ́ wa ṣe ṣọ̀kan!"

Ọgbà ilé ìwé tí Bàbá Géètì ń ṣọ́ la ti dìbò. A tò, a tẹ̀ka lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí kọ̀rọ̀, a ju ìwé sínú àpótí, a wá dúró kí wọ́n kà á lójú wa. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè, gbogbo wa ń bá a ka nọ́ńbà. Nígbà tí ìbò Ìyá Agbẹ̀bí kọjá ogójì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Àwọn tó dìbò fún un gan-an ló pariwo jù. "Háà! Ta ló ń dìbò fún ìyá yìí ná?" Ó parí sí méjìdínlọ́gọ́ta. Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù ní mọ́kànlélógójì. Dókítà eyín ní mẹ́tàlélógún, láìka búrọ́ọ̀ṣì.

Inú wa dùn. A ní owó ò lè ra àwa. A ń bọ ara wa lọ́wọ́, àwa tá a ti ná owó náà tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni rédíò wá ka àpapọ̀ gbogbo àdúgbò tó wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù wa. Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù ló wọlé. Ìbò mọ́kàndínlógún ló fi ju Ìyá Agbẹ̀bí lọ.

Bí wọ́n ṣe kà á tán ni kálukú mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ti Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù ní owó ló ṣe é. Dókítà eyín ní owó ló ṣe é lóòótọ́, tòun ló kéré, òun ò sì ní fi búrọ́ọ̀ṣì dí i mọ́ lọ́jọ́ míì. Àwa ládùúgbò ní irọ́ ni, kí wọ́n wá wo àpótí tiwa. Ìyá Agbẹ̀bí nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ó sùn títí ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin á rò pé ẹni tó wọlé á jókòó gbádùn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé, Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìlà-ò-wọ́. Ó sanra, ó ń làágùn, ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń wọn aṣọ fáwọn ọmọdé. Alápò dúró tì í pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wa sí. Wọ́n ní kí wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ dìbò fún ọ̀gá wa?"

"Mo dìbò fún wọn."

"Ẹ búra."

Ẹni tó dé á búra. Kò sí ẹni tó kọ̀. Bí wọ́n ṣe pe èmi náà nìyẹn, mo kúrò nídìí iṣẹ́, mo lọ, mo búra ketekete, mo tún kí wọn kú oríire. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo àwa mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ti búra. Alápò ń yọ nọ́ńbà kan kúrò lára èkejì lẹ́yìn ìwé. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀gá, wọ́n ti jí ìbò wa! Ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún búra, mọ́kànlélógójì ló wà nínú àpótí. Ìbò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ti lọ! Ìyá Agbẹ̀bí ti ṣe màgòmágó!"

Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù fìbínú fa fóònù yọ, ó pe lọ́yà rẹ̀, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Lọ́yà, mo fẹ́ lọ sí kóòtù."

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wọlé?"

"Mo wọlé, àmọ́ wọ́n jà mí lólè lójú ọ̀nà. Mo lẹ́rìí. Mo ní orúkọ gbogbo àwọn tí mo sanwó ìbò fún, mo sì mọ iye tí mo san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Inú fóònù dákẹ́ lọ gbáà. A rò pé owó inú rẹ̀ ti tán ni.

"Ọ̀gá," ni lọ́yà wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn. Ìwé tí orúkọ wà lára ẹ̀ yẹn, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi nọ́ńbà yìí pè mí mọ́."

Ìlà-ò-wọ́ fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ ti wọlé. Kí lẹ tún ń wá?"

Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù wolẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àánú ọkùnrin náà ṣe mí. "Oorun ò kùn mí látọjọ́ Àìkú. Mo tẹ bulọ́ọ̀kù ọdún mẹ́ta tà kí n tó rí owó yẹn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: ṣé èmi ni wọ́n yàn ni, àbí owó mi?"

Alápò ká ìwé orúkọ náà sínú báàgì. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Bàbá Géètì wá. Kò gbé aṣọ lọ́wọ́. Ó tẹ́ bébà owó méjì sórí tábìlì Ìlà-ò-wọ́, kì í ṣe àwọn tuntun àkọ́kọ́ yẹn, gbígbó ni wọ́n.

"Mo yá a. Gbà á."

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe, Bàbá?"

"Kó o bá mi dá a padà, kí wọ́n fún mi ní ìbò mi." Ó ń rọra sọ ọ́. "Èmi wà lára mọ́kànlélógójì yẹn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bí ọmọ wa yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ìyá Agbẹ̀bí ò jókòó látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ká ní kì í ṣe tiẹ̀ ni, mi ò ní ìyàwó, mi ò lọ́mọ. Mo dé ẹ̀yìn aṣọ yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ mi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo wá rántí pé mo ti ṣèlérí fún ẹ."

"Ẹ ò bá ṣe ohun tó wù yín, Bàbá! Ta ló máa mọ̀? Fóònù yín pàápàá ò ní kámẹ́rà!"

"Mo ṣèlérí fún ẹ," ni bàbá náà tún sọ, bí ẹni pé Ìlà-ò-wọ́ ò gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìlà-ò-wọ́ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kó owó náà padà. Nígbà tó lọ tán, ó mú ìwé orúkọ tiẹ̀ jáde, ó sì wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ tó o máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀," ni ó wí, "ta lo dìbò fún?"

Mo ro irọ́ wò, mi ò rí èyí tó rọrùn. "Ìyá Agbẹ̀bí."

"O sì búra fún Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù lójú mi."

"Gbogbo wa kọ́ la búra ni?"

Ó ń tọ́ka sí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ wá, ó ti ń fọ aṣọ wa tipẹ́. Ẹni tó máa ń sọ pé aṣọ tó ti ya kó tó gbé e wá, òun alágbàfọ̀ ló ya á: ẹni yẹn gbowó, ó dìbò fún ẹni tó wù ú. Ẹni tó máa ń ní òun ti sanwó nígbà tí kò tíì san: òun náà dìbò fún ẹni tó wù ú. Àmọ́ opó tó wà ní ilé kejì, tó máa ń pààrà wá san owó tó kù: Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù. Ṣọbàtà tí kì í jẹ́ kí àdéhùn yẹ̀: Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù. Bàbá Géètì: Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tó fẹ́ràn ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, bíi kápẹ́ńtà, owó yẹn ò mú òpùrọ́ kankan. Àwọn tí kì í purọ́ ló rí mú.

"Mọ́kàndínlógún ló fi wọlé," ni ó wí. "Tí ẹni mẹ́wàá péré bá ti sún sí òdìkejì, ìyá yẹn ló wọlé. Mẹ́wàá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí ìlérí mú sórí ìka. Nígbà tó dé orí ìka keje, ó ká ọwọ́ kò, kò kà á mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé aṣọ funfun tí Ìyá Agbẹ̀bí fi ṣe ìpolongo lọ fún un nílé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ìyá náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé, awò ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ṣóńṣó imú.

"Èló ni?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ̀bùn ni."

Ìyá náà wò ó láti òkè awò. "Ẹ̀bùn? Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Kò sí o, mà."

"Ó dáa, èló ni?"

Ó sọ iye rẹ̀. Ìyá náà san án pé. Ọkùnrin náà ò lọ. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: báàgì Alápò, ẹ́ńfílóòpù mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, Bàbá Géètì, ìka méje. Ìyá Agbẹ̀bí gbọ́ ọ tán láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ ńkọ́, ta lo dìbò fún?"

"Ọ̀gá Bulọ́ọ̀kù, mà." Ó wolẹ̀. "Mo ti gba owó iṣẹ́ ẹ̀."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú, tó fi etí ìró nu omi ojú. Ìlà-ò-wọ́ ní òun rò pé ó máa lé òun jáde ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ohun tó sọ ni pé, "Mo tún máa jáde lọ́dún mẹ́rin sí i. Mo ń wá àwọn tó máa dúró ti àpótí fún mi ní gbogbo wọ́ọ̀dù yìí, tí wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n ṣàlàyé fáwọn èèyàn pé kò sẹ́ni tó ń rí ìka wọn lẹ́yìn aṣọ yẹn, àti pé owó tí wọ́n bá gbà kì í ṣe ìlérí. Mi ò lówó tí mo máa fún ẹ."

"Èmi tí mo pín in, mà?"

"Ìwọ gan-an. Tí ẹlòmíì bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí ìwọ bá sọ pé o tú wọn sílẹ̀, wọ́n á gbà gbọ́."

Nígbà tó sọ fún mi, mo ní kó má gbà. Mo ní oníbàárà tó ń retí ẹ́ńfílóòpù á lọ bá alágbàfọ̀ míì. Ó ní, "Kí wọ́n lọ ná. Wọ́n á rí bí ìlà ṣòkòtò wọn ṣe máa rí."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní gbogbo ọ̀sán Túsìdeé, á ti ìdajì ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Agbẹ̀bí pẹ̀lú àwọn mẹ́fà míì, wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé èsì. Bàbá Géètì wà lára wọn, opó ilé kejì náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi pé omi tí wọ́n ń mu, kálukú ló ń gbé tiẹ̀ wá látilé.

Wọ́n ti pe èmi náà. Ìyá Agbẹ̀bí ní ẹni tó gbọ́n tó láti ba kámẹ́rà mọ́kànlá jẹ́ lọ́jọ́ kan á wúlò fún àwọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo ṣì ń rò ó.